Ẹ̀jẹ̀ Tí Kì Í Ṣòfò

Agédígí ni bàbá rẹ̀, agédígí lòun àti àbúrò rẹ̀. Ìka ta ni dígí kò ní gé? Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, kí èèyàn tó nawọ́ mú àkísà, ojú ọgbẹ́ á ti dì. Bàbá á na ìka sókè, á ní: "Ẹ̀jẹ̀ ilé wa kì í ṣòfò." Àwọn oníbàárà sọ ọ́ di orúkọ fún un, Ẹ̀jẹ̀-Kì-Í-Ṣòfò, ọmọ rẹ̀ àgbà sì jogún orúkọ náà.

Ohun tí wọn kì í fi yangàn ni pé ọkùnrin kan kò hu ewú rí nílé náà. Bàbá di àyà mú nídìí tábìlì iṣẹ́, ó ṣubú, ó di ẹni àná. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá tó bí i lọ́mọ ṣe lọ. Wọ́n ní aráyé ni.

Nígbà tí ọjọ́ orí Ẹ̀jẹ̀-Kì-Í-Ṣòfò fẹ́ dé ibi tí ti bàbá rẹ̀ dá sí, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í fún un pinpin bó bá gbé dígí. Ọmọbìnrin rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, fà á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, ọmọ náà ló túmọ̀ rẹ̀.

"Bàbá, àwọn horo wẹ́wẹ́ kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń dí ojú ọgbẹ́. Wọ́n lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Ọwọ́ tiyín tẹ́ ẹ jogún le jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní in ló ń pa lára, àmọ́ bí iṣan ọkàn bá ti ń dí, wọ́n lè gbára jọ síbẹ̀, kí wọ́n sé ọ̀nà pa."

"Ṣé ohun tá a fi ń yangàn ló ń pa wá?"

"Ó lọ́wọ́ sí i. Ẹ máa lo oògùn tó ń dẹ ọwọ́ wọn, Bàbá."

"Mo gbà. Sìgá tí mò ń mu ńkọ́?"

"Sìgá gan-an lẹ máa kọ́kọ́ pa tì!"

Ó pa sìgá tì, ó ń lo oògùn. Ọjọ́ orí bàbá rẹ̀ dé, ó kọjá. Ewú yọ lẹ́bàá etí, ó ya wọ irùngbọ̀n. Onígbàjámọ̀ ní kóun pa á láró.

"Ta ló bẹ̀ ọ́? Mo ṣiṣẹ́ kí n tó ní in!"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dígí fèrèsé ńlá bù ú níka. Ẹ̀jẹ̀ ń kán tótó.

"Yéè! Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti dójú tilé! Ẹ̀jẹ̀ ń ṣòfò!"

Ó fi àkísà di ìka náà pinpin, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì.

"Jẹ́ kó ṣòfò díẹ̀. Èmi alára ni n ò ní ṣòfò."

Àbúrò wo irùngbọ̀n funfun náà títí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọmọ yín wà níbi iṣẹ́ lónìí?"

"Wọ bàtà rẹ, ká lọ."