Kẹ́tù tí Kì í Kánjú

Bí wọ́n bá ti dárúkọ olóògbé Bàbá Fólítì ládùúgbò, ọ̀rọ̀ áyọ́ọ̀nù télọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ. Télọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù tuntun wá, ó ní kí Bàbá, tí í ṣe oníṣẹ́ iná, bá òun wo agbára rẹ̀. Bàbá fi mítà wọ̀n ọ́n. Fólítì, igba ó lé ogún, áńpíà, mẹ́wàá. Ó dijú, ó fi ọ̀kan pín èkejì.

"Méjìlélógún péré. Gílóòbù balùwẹ̀ jù ú lọ. Máa fi lọṣọ lọ."

Télọ̀ so ó mọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí rédíò rẹ̀ ń lò. Kò pẹ́ tí wáyà fi rú èéfín, gbogbo ilé sì ṣókùnkùn.

"Bàbá, ẹ ti kó bá mi."

"Èmi kọ́. Ìdènà ni mo ṣírò fún ọ. Fi áńpíà pín fólítì, ìdènà lo máa rí. Agbára tí o ń wí, fólítì lọ́nà áńpíà ni."

"Mélòó wá ni agbára ọ̀hún?"

Bàbá húkọ́. "Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé igba wáàtì. Bá mi wá tọ́ọ̀ṣì."

Èèyàn gan-an, Bàbá ń ṣírò wọn. Ó ní ohun tó ń ti èèyàn ni fólítì, bó ṣe ń yára sí ni áńpíà, ohun tó ń fà á sẹ́yìn ni ìdènà. Bí ìyàwó rẹ̀ bá pè é wá jẹun tí kò kúrò nídìí iṣẹ́, á ní, "Fólítì rẹ kò kéré, ìyàwó mi. Ìdènà mi ló pọ̀."

"Ó dáa. Kí ìdènà yín máa se oúnjẹ fún yín."

Kẹ́tù tó tún ṣe fúnra rẹ̀ nìkan ni kì í pa ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́rìn-ín, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ iná lọ́wọ́ rẹ̀. Omi inú kẹ́tù náà a máa rò ó wò kó tó hó. Àlejò á retí tíì títí, á ní òun ń bọ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

"Bàbá, ẹ tún ti ṣì í ṣírò."

Bàbá á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

Nígbà tí Bàbá kú, ọmọ ra kẹ́tù tuntun fún ìyá rẹ̀, ó fẹ́ gbé ti àtijọ́ sọnù. Ìyá fọwọ́ bò ó.

"O ò ní gbé e."

"Màmá, kò dáa ni. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Ó fi mítà bàbá rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Igba ó lé ogún fólítì, áńpíà méjì. Ìdènà, àádọ́fà; agbára, irinwó ó lé ogójì wáàtì péré. Ó yọ ọ́ kúrò nínú iná, ó tú ìdí rẹ̀. Bàbá ti so wáyà amómigbóná kejì mọ́ ìparí ti àkọ́kọ́, kí ìdènà lè di ìlọ́po méjì. Ó fara balẹ̀ so ó, ó sì mọ́ tónítóní. Ọmọ wò ó títí.

"Màmá, Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí kẹ́tù ṣì ń yára hó, ìdúró ni bàbá rẹ fi ń mu tíì, á gbé báàgì iṣẹ́, ó di alẹ́. Mo ní ṣebí ó mọ ìdènà, kó bá mi fi díẹ̀ sí i. Látìgbà náà ló ti ń jókòó tì mí. Àárò rẹ̀ ń sọ mí, ọmọ mi. Ìdí kẹ́tù yìí ló ti ń sọ mí jù."

Ọmọ to ìdí kẹ́tù padà bí Bàbá ṣe ṣe é. Ó bu omi sí i, ó tì í bọ iná, ó fa àga bàbá rẹ̀ sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó jókòó. Ìyá nu ojú.

"Ṣé mo ti sọ ti áyọ́ọ̀nù télọ̀ fún ọ?"

Àìmọye ìgbà ló ti gbọ́ ọ.

"Rárá o, Màmá. Ẹ sọ ọ́."

Omi kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́ pàápàá.