Wọ́n ní ọkọ mi wo ojú àgbà

Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nìyí: ọkọ mi wà ní wọ́ọ̀dù àwọn tí ọpọlọ ń dà láàmú, ní Àkúrẹ́ níbí.

Kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan ló ń fi sùúrù kọ́ ọ: "Ẹ wo ojú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, kí ẹ sọ ohun tó ń dùn yín."

Lónìí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti Oǹdó. Kò tíì jókòó tó fi ní, "Wèrè yìí ò tíì tán?"

Ọkọ mi gbójú sókè, ó wò ó. "Bọ̀dá mi, tí ẹ bá ń pè mí ní wèrè, ó máa ń dùn mí."

Omi bọ́ lójú mi. Inú mi dùn.

Bọ̀dá figbe bọnu: "Ojú èmi lo ń wò kòrókòró báyìí? Ẹ ò rí i pé ó ti burú sí i!"

Kò sọ̀rọ̀, ó ya wèrè. Ó sọ̀rọ̀, ó burú sí i.

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé títí, Bọ̀dá kọ etí dídi. Lọ́la ló ń gbé ọkọ mi lọ sí ilé àdúrà ní Ìgbàrà-Òkè. Ó ní kí èmi ìyàwó panu mọ́.

Ṣé ìyàwó lè kọ̀? Ẹni tó bá mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn kí ilẹ̀ tó ṣú.