Orin Tó Yẹ Sípíkà Wa

Sípíkà méjì ló wà nínú pálọ̀ wa ní Ṣómólú. Wọ́n ga dé àyà mi. Àlòkù tòkunbọ̀ ni ọkọ mi rà wọ́n, ó sì lo odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó mọ ibi tí yóò gbé wọn sí. Ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ yípo ìdí wọn, kí n má baà sún wọn nígbà tí mo bá ń gbálẹ̀. Àga kan ṣoṣo ló kọjú sí wọn láàárín gbùngbùn, òun nìkan ló sì ń jókòó sórí rẹ̀. Àwa yòókù ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ojú mẹ́ta ni sípíkà kọ̀ọ̀kan ní. Èyí tó tóbi jù wà nísàlẹ̀, òun ló ń gbé ohùn tó wúwo. Èyí tó wà láàárín ló ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu olórin. Èyí tó wà lókè kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdérí ìgò mínírà lọ, òun ló sì ń gbé ohùn tínrín: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, agogo, èémí tí olórin mí sínú kó tó la ẹnu.

Ọkọ mi ti wà nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Etí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Elétí ni wọ́n ń pè é, láti àdúgbò wa títí dé Ladi-Lak. Ẹni tó bá ra sípíkà tuntun yóò wá bi í pé orin wo ló yẹ kí òun kọ́kọ́ fi sí i. Ọkùnrin kan tó ṣí ilé ọtí sí Bàríga kó àwo orin wá, odindi báàgì kan. Ọkọ mi yọ mẹ́rin péré fún un, ó ní kó lọ fi ìyókù dé kúlà omi. Ọkùnrin náà dúpẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí a sì jẹun tán, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa ń wá. Ọ̀kan ni Àlájì, tó ń ta bébà fáwọn atẹ̀wé. Èkejì ni ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá Adìwé, nítorí òun ló ń ran ìwé tí wọ́n bá tẹ̀, tó sì ń lẹ èèpo mọ́ ọn. Kálukú yóò mú orin kan wá. A ó pa fáànù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Bí orin bá parí, àwọn méjèèjì yóò wo ojú ọkọ mi, wọn kò ní sọ ohun tí àwọn gbọ́ títí yóò fi sọ ohun tí òun gbọ́. Bó bá ní, "Ó dún," ó parí. Bó bá ní, "Kò dún," a kò ní gbọ́ orin yẹn mọ́, àwọn náà kò sì ní fi í sí i nílé tiwọn. Orin tí wọ́n fi gbé ìyàwó Àlájì wọlé kò dún. Àlájì yọ ọ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀ níṣojú wa.

Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó mọ nǹkan kan. Òun ló kọ́ mi pé orin tí àwọn onílù jọ jókòó sínú yàrá kan lù ń dùn lórí sípíkà ilé ju èyí tí wọ́n fún pọ̀ bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n gbé òkúta lé. Òun ló sọ fún mi pé agídìgbo ni kéèyàn fi dán ìsàlẹ̀ sípíkà wò, àti pé bí èèyàn bá yí ohùn sókè jù, orin rere àti orin burúkú á di ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn orin kọ́yà. Ó ní òfìfo ni, pé kò sí nǹkan kan lókè rẹ̀.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ṣèèṣì sọ pé ojú òkè sípíkà apá ọ̀tún ń hó. Ọkọ mi yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ìyàwó mi. Ẹ̀fọn ló ń gbọ́."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ gbọ́ bóyá ìrẹsì ti ń jóná," Bọ̀dá Adìwé wí.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo lọ. Ìrẹsì kò jóná. Láti ọjọ́ náà, n kò tún sọ ohun tí mo bá gbọ́ nínú pálọ̀ yẹn mọ́.

Ọmọ wa obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà náà, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi tí à ń lọ. Olórí ẹgbẹ́ ní kí ó dá orin kọ lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn. Ó fún un ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi rò ó. Ẹ̀rù ń ba ọmọ náà. Ó ní òun kò mọ̀ bóyá òun ní ohùn, torí pé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Baba rẹ̀ nìkan ni kì í yin èèyàn lásán. Nítorí náà, ó fi fóònù gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí fóònù mi kó má baà sọnù, ó sì mú tirẹ̀ wá sí pálọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, níwájú àwọn ọ̀rẹ́ baba rẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ní kò dún, mi ò ní gbà á."

Ọkọ mi di ojú. Orin náà bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ọkọ mi sì ń mi orí. Nígbà tó di ẹsẹ kejì, ohùn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó tínrín, kò sì já. Mo gbọ́ ibi tó ti mí. Mo gbọ́ bó ṣe di ohùn náà mú lókè, mo sì kà á dé mẹ́jọ kó tó sọ ọ́ kalẹ̀. Irun apá mi dìde. Ọkọ mi la ojú, ó ń wo sípíkà bí ẹni tí wọ́n mú iná lọ mọ́ lójú.

"Ibo ló lọ?" ó béèrè.

Ó yíjú sí ọmọ náà.

"Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó wá sọnù. Òfìfo. Ohùn tí kò bá jáde lórí sípíkà yìí, kò lè jáde níbì kankan. Má lọ dójú tì mí."

"Elétí ti sọ ọ́," Àlájì wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ọmọ wa, máa kọ ọ́ fún ọkọ ẹ ní kíṣìnì," Bọ̀dá Adìwé wí. "Ìyẹn ò ní ríbi sá sí."

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Ó gba fóònù rẹ̀, ó jáde. Mo kó àwọn ife tó ti ṣófo, mo tẹ̀lé e, n kò sì sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ajé, ó pa orin náà rẹ́ lórí fóònù tirẹ̀, ó lọ aṣọ kọ́yà rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó dá a padà. Ọmọbìnrin mìíràn ló dá orin náà kọ. Ohùn tirẹ̀ nípọn, kò dé òkè, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ wa jókòó tì mí láàárín ìjọ, òun náà pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kò kọrin mọ́, kódà bó bá ń fọṣọ. Oṣù méje ni mo kà.

Ní oṣù keje yẹn, bátìrì ínfátà wa ń lọ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké tíì, tíì, tíì. Kíṣìnì ni mo wà, mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn méjì. Nígbà tí mo dé pálọ̀, abẹ́ ínfátà náà gan-an ni ọkọ mi jókòó sí, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ ò lè pa á ni?"

"Pa kí ni?"

Mo wo ojú rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe. Kò gbọ́ ọ.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń dán an wò. Mo jẹ́ kí kẹ́tùlù súfèé títí omi inú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Mo jẹ́ kí fóònù mi máa ké lóhùn tínrín lẹ́yìn orí rẹ̀. Ìgbà mẹ́fà ni mo dán an wò, kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń kọjá níta, ó ń gbọ́ bí mo bá ti ilẹ̀kùn. Ohùn tínrín nìkan ni kò sí fún un mọ́. Mo wá rántí yàrá tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́rin ti ń pariwo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó jẹ́ pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jókòó sórí àga yẹn, tó ń dá ẹjọ́ ohun tí kò gbọ́.

Mo lè pè é wọ yàrá, kí n rọra sọ ọ́ fún un. Mo rò ó dáadáa, mo sì pinnu pé rárá. Ìṣojú èèyàn ló ti sọ ọ́ sí ọmọ mi.

Ní ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mò ń nu ẹ̀yìn sípíkà, mo tú wáyà kúkúrú méjì tó lọ sí ojú òkè, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Mo dì wọ́n sí etí ìró mi.

Lọ́jọ́ kejì, Àlájì mú orin àpàlà àtijọ́ kan wá tó jẹ́ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni adùn rẹ̀. Orin náà jáde bí ẹni tí wọ́n da aṣọ òtútù bò. Àlájì fi ìka ro etí. Bọ̀dá Adìwé wo Àlájì, Àlájì wo Bọ̀dá Adìwé. Orin parí.

"Ó dún," ọkọ mi wí. "Ó mọ́. Ṣẹ́ ẹ gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yẹn?"

"Kedere," Àlájì wí.

"Bí omi inú àmù," Bọ̀dá Adìwé fi kún un.

Mo tú etí ìró mi, mo kó wáyà méjèèjì lé orí tábìlì níwájú wọn.

"Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wo lẹ gbọ́? Wáyà tó ń gbé e jáde rèé. Àná ni mo ti tú u."

"Kí lo ń sọ?" ọkọ mi béèrè.

N kò kánjú. Mo so wáyà náà padà, mo sì tún fi orin yẹn sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tú jáde bí òjò orí páànù. Àlájì ta gìrì. Ọkọ mi kò wo sípíkà. Ojú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń wò, láti fi mọ ohun tó yí padà.

Bọ̀dá Adìwé bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Bàbá yìí ti fi wá ṣe ọmọ ilé-ìwé! Àlájì, ẹ̀yin lẹ ní kedere o."

"Ìwọ náà lo ní omi inú àmù."

"Omi dà? Àmù gan-an ò sí níbẹ̀!"

"Tún fi í sí i," ọkọ mi wí.

Mo tú wáyà, mo fi orin sí i. Mo béèrè pé, "Ṣé ó wà níbẹ̀?" Ó ní ó wà níbẹ̀. Mo so ó, mo tún béèrè. Ó ní kò sí níbẹ̀. Bọ̀dá Adìwé ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi í. Ó gba ẹyọ kan, ojú Àlájì ló sì ti rí i kà. Kò sẹ́ni tó ní kí n bi í nígbà kẹta. Èmi ni mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo so wáyà méjèèjì padà, mo sì fi ohùn ọmọ mi sí i. Nígbà tó di ẹsẹ kejì, ẹ̀rín Bọ̀dá Adìwé dá. Ọkọ mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú sípíkà apá ọ̀tún, ó fi etí lé e.

"Ṣé ó ti dé òkè?" ó béèrè.

Bọ̀dá Adìwé fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ẹni tó ń pe ará òdìkejì odò. "Ó ti sọ̀ kalẹ̀ o, Bàbá!"

Kò tíì sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣì wà lókè níbẹ̀, ó ń lọ.

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre," Àlájì wí. "Bó ṣe rí ni mo ṣe gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé etí mi ló ń ṣe mí ni."

"Èmi náà gbọ́ ọ," Bọ̀dá Adìwé wí. "Ṣùgbọ́n Elétí ní kò dún. Ta wá ni mí?"

Ọkọ mi dìde. Ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀ níbẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dúró mu nǹkan kan. Mo gbọ́ tí Bọ̀dá Adìwé ń rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ẹnu géètì. Inú mi dùn. N kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Mo lọ bá ọmọ mi ní kíṣìnì. Ìkòkò ló ń fọ̀. Gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́.

"Kì í ṣe ohùn rẹ," mo wí. "Etí dádì ẹ ni. O lè padà sí kọ́yà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Kò yíjú. "Àlájì ní àwọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn?"

"Wọ́n gbọ́ ọ."

"Bọ̀dá Adìwé náà?"

"Òun náà."

Ó ti omi pa. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Dádì ò lè gbọ́ ọ. Mi ò lè fẹ̀sùn kàn wọ́n. Ẹ̀yin ńkọ́, Mọ́mì?"

Mo ní mo gbọ́ ọ.

"Títí dé òkè?"

"Títí dé òkè."

Ó na ọwọ́ sí fóònù mi. Mo rò pé ó fẹ́ gbọ́ orin náà ni, mo gbé e fún un. Ó wá a, ó pa á rẹ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì dá fóònù náà padà fún mi, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kí ó máa fún àgbà ní nǹkan. Ó tún ṣí omi, ó ń bá ìkòkò rẹ̀ lọ.