Ẹja Tí Yóò Gba Ìkòkò Ńlá

“Kì í ṣe pé ẹja ńlá kò sí nínú odò náà, Ìyá Tolú. Èmi ni n kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé.”

“Ta ni yóò wá fi ọ̀nà ilé wọn hàn yín, Bàbá Tolú? Ẹ wo epìyà tí ẹ kó dé. Bí ológbò onílé bá rí wọn, àánú wa ni yóò ṣe é.”

“Ṣebí yóò ṣe ọbẹ̀.”

“Yóò ṣe ọbẹ̀. Egungun rẹ̀ ni a ó fi gbogbo alẹ́ máa yọ lẹ́nu.”

Bí Ephraim Akínladé àti Agatha aya rẹ̀ ti máa ń sọ ọ́ nìyẹn ní ìrọ̀lẹ́, nínú iyàrá méjì tí wọ́n háyà ní Kakuri ní Kàdúná, ní ọdún tó tẹ̀lé èyí tí ilé iṣẹ́ aṣọ tí Ephraim ti ń ṣiṣẹ́ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ni ó ti ń ṣọ́ ẹ̀rọ ìhunṣọ níbẹ̀. Bí òwú kan bá já, òun ni yóò so ó. Bí òmíràn bá dẹ̀, òun ni yóò fà á le kí àbùkù tó wọnú aṣọ. Nígbà náà, fèrè ilé iṣẹ́ ni ó ń jí gbogbo Kakuri. Ẹni tí kò ní aago kò pẹ́ lẹ́yìn. Àwọn òṣìṣẹ́ a tò lọ ní òwúrọ̀, aṣọ wọn a mọ́, irun wọn a gún, wọn a sì mọ bí a ti ń kí àgbà lójú ọ̀nà. A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára, nítorí igbe ẹ̀rọ náà di ọ̀pọ̀ ènìyàn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí fèrè dákẹ́, ọ̀pọ̀ àgbà ọkùnrin ni kò mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n dìde lórí ibùsùn mọ́.

Ephraim dìde ní tirẹ̀. Ó gba odò lọ pẹ̀lú ìwọ̀ àti okùn ọ̀rá.

Ohun tó mú un lọ kò fara sin. Silas, àbúrò Agatha, ti ya iyàrá kan sọ́tọ̀ fún wọn nínú ilé rẹ̀ ní Mopa, ó sì ti ránṣẹ́ sí wọn títí. Agatha fẹ́ kí àwọn lọ. Ó ti di ìkòkò ńlá àti àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì sínú àpò, ó fi okùn dì í, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ephraim ní tirẹ̀ kò lè fojú inú wo ara rẹ̀ lórí àga nínú ilé àna, kí ìyàwó àbúrò ìyàwó rẹ̀ máa bu oúnjẹ fún un. Ó ní odò lè bọ́ àwọn ní Kàdúná, bí òun bá lè máa mú ẹja gidi. Agatha kò bá a jiyàn púpọ̀.

“Ẹ mú ẹja kan ṣoṣo wá tí yóò gba ìkòkò ńlá yìí,” ni ó wí. “Ọjọ́ tí mo bá rí i, n ó tú ẹrù. Bí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀ kí n tó rí i, ọkọ̀ Mopa ni a ó wọ̀.”

Ọyẹ́ ń fẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn yìí.

Ibi tí Ephraim ti ń dẹ ìwọ̀ kò jìnnà sí afárá ọkọ̀ ojú irin, ní etí omi tó tẹ́jú, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ aṣọ. Ekòló ni ìdẹ rẹ̀. Ní ẹsẹ̀ afárá náà ni Ganiat ti ń dín ẹja tà. Opó ni. Ará Jẹ́bà tó ń pẹja ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kinkinau ní Kàdúná ni wọ́n bí òun sí, Hausa sì máa ń já wọ inú Yorùbá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó ti ń wo Ephraim tipẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀.

“Haba, Bàbá Tolú! Ṣé epìyà wọ̀nyí jẹ yín ní gbèsè ni?”

“Ohun tí odò bá fún mi ni mò ń gbà, Ìyá Fátímà.”

“Ohun tí ẹ tọrọ ni ó fún yín. Ẹja kékeré ní ń jẹ ekòló létí omi. Giwan ruwa lẹ ń wá, àbí?”

Giwan ruwa ni àwọn Hausa ń pe ẹja ńlá inú odò náà. Erin inú omi ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ephraim gbà pé òun ni.

“To. Ẹja ni erin yẹn ń jẹ. Ẹ mú epìyà kan, kí ẹ má pa á, ẹ fi ìwọ̀ kọ́ ọ lẹ́yìn. Ẹ jù ú sí ẹ̀yìn òpó afárá, níbi tí omi ti ń yí po. Ibẹ̀ ni ó ń fara pamọ́ sí, tó ń retí ohun tí omi yóò gbé wá. Kí oòrùn tó le, tàbí nígbà tó bá ń wọ̀.”

“Kí n fi ọbẹ̀ ilé mi ṣe ìdẹ?”

“Ẹ gbé ọbẹ̀ yín lọ, kí ẹ máa kí giwan ruwa láti òkèèrè.”

Ó gbé ọbẹ̀ lọ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi epìyà ṣe ìdẹ. Kò pẹ́ tí ohun kan fi gbé e mì nínú ibú. Ephraim fa okùn náà le, ó dúró gbọin-in, okùn sì já. Ó ní okùn náà kò dára. Ó wá èyí tó nípọn, ó fi kókó tí wọ́n ń ta nílé iṣẹ́ aṣọ so ó mọ́ ìwọ̀, kókó kékeré tí kì í tú. Ẹja tún gbé e. Kókó kò tú, okùn kò já, ìwọ̀ ni ó nà tàntàn bí abẹ́rẹ́.

Ganiat ta àtẹ́wọ́. “Kai! Ṣé ẹja ni ẹ̀ ń mú ni, àbí ẹ̀ ń fi okùn fa mọ́tò tó rì sínú ẹrẹ̀?”

“Ìwọ̀ ni kò lágbára.”

“Ẹ di okùn yìí mú kí n rí yín.”

Ó di orí kejì mú, ó sún mọ́ Ephraim díẹ̀. Kí okùn tó dẹ̀ rárá, ìka ìfábẹ̀lá Ephraim ti ká a mọ́ra. Ó tún sún mọ́ ọn. Ìka náà tún ká a. Ephraim kò mọ̀ pé òun ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Agatha ì bá ti sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Nílé, ọkọ rẹ̀ kì í kọjá lára okùn ìsáṣọ tó bá dẹ̀ láìfà á le, aṣọ tútù ti tipa bẹ́ẹ̀ balẹ̀ sórí erùpẹ̀ rí. Nílé iṣẹ́, òwú tó dẹ̀ ni aṣọ tó bàjẹ́, ọwọ́ Ephraim kò sì gbàgbé. Ìwà tí a fi ń yìn ín nídìí ẹ̀rọ ni ẹja ńlá fi ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ó yẹ kí ó rẹ ẹja náà ni,” ni Ganiat wí. “Bí ó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Bí ó bá sinmi, ẹ fà á díẹ̀. Òun ni yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá bá yín.”

Ó so okùn Ephraim mọ́ kẹ́ẹ̀gì tí ó pọn omi sí ìdajì, ó jù ú sójú ibi tí odò ti ń ṣàn. Ní àràárọ̀ ni àgbàlagbà náà ń dúró létí omi tó ń tú okùn fún kẹ́ẹ̀gì, tó tún ń rọra fà á padà. Ahmed, tó máa ń wa yanrìn nínú odò, kò jẹ́ kó sinmi.

“Baba, an kama jarka?” Bóyá wọ́n ti mú kẹ́ẹ̀gì ni ó ń béèrè.

“Ó kù díẹ̀, Ahmed. Lọ gbé ìkòkò wá.”

Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín. Ephraim náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi okùn sílẹ̀.

Ọyẹ́ lọ, ooru dé. Àwọsánmà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú ní ìrọ̀lẹ́, a sì tún tú ká. Agatha fi okùn mìíràn kún ti ara ẹrù.

Ní ọjọ́ kan tí ojú ọ̀run dúdú ní ìlà oòrùn, tí atẹ́gùn sì ń gbé eruku, ohun kan gbé epìyà Ephraim mì lẹ́yìn òpó. Ìka rẹ̀ ká. Ganiat rí i láti ìdí iná.

“Ẹ jẹ́ kó lọ! Bàbá Tolú, ẹ jẹ́ kó lọ!”

Ephraim la ọwọ́ rẹ̀. Ó ti fi àjákù aṣọ ilé iṣẹ́ di àtẹ́lẹwọ́, okùn sì ń sáré kọjá lórí rẹ̀ títí ó fi gbóná. Ẹja náà lọ sí àárín odò. Ó dúró. Ephraim fà á díẹ̀. Ó tún lọ. Ephraim tẹ̀ lé e létí omi, ó kọjá àwọn afọṣọ, ó kọjá òkìtì yanrìn, okùn ń dẹ̀, ó ń le, kò sì bá a jà. Nígbà tí ẹja náà fi ẹ̀gbẹ́ lé ojú omi níkẹyìn, Ahmed ni ó bọ́ sínú odò tó ki apá bọ̀ ọ́ lábẹ́. Wọ́n gbé e sẹ́bàá agbada Ganiat. Ó gùn ju agbada náà lọ, orí àti ìrù.

“Kò jọ jarka,” ni Ephraim wí. Ahmed bú sẹ́rìn-ín.

Kí ó tó délé, ẹ̀kán òjò ti ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Agatha wo ẹja tó wà léjìká rẹ̀, ó wo ojú ọ̀run.

“Ọwọ́ ta ni ẹ ti rà á?”

Ephraim tú àjákù aṣọ náà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ hàn án. Agatha wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wá ọ̀bẹ, ó gé ẹja náà sí wẹ́wẹ́, ó fi iyọ̀ pa á lára. Òjò rọ̀ mọ́jú.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ephraim ń wá epìyà tí yóò fi ṣe ìdẹ. Agatha bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹrù, ó tú okùn ara rẹ̀, ó ká a, ó fi kọ́ sórí ìṣó. Ó yọ ìkòkò ńlá jáde láàárín àwọn bùláńkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó bu yanrìn díẹ̀ sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀ ọ́.