Aṣọ Pupa Lára Igi Obì

Ojo ni mí, n kì í sì í fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnìkan bá bi mí ohun tó yẹ kí obìnrin tó ń gbé kámẹ́rà rìnrìn àjò kọ́kọ́ dì sínú àpò, n kò ní sọ pé fílíìmù, n kò sì ní sọ pé bátìrì. Ẹ̀rù ni. Ẹ dì í sókè àpò níbi tí ọwọ́ yín yóò ti tètè kàn án, nítorí òun ni yóò sọ fún yín pé kí ẹ má ya afárá, kí ẹ má kọjú kámẹ́rà sí bárékè ṣọ́jà, kí ẹ sì kí àwọn tó ń roko níbẹ̀ kí ẹ tó ya ilẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo rò pé ìkíni yẹn kò kàn mí, nítorí ilẹ̀ bàbá mi ni mo fẹ́ lọ yà.

Àwọn ọdún náà le. Ológun ló wà lórí oyè, epo mọ́tò sì wọ́n bí ojú. Mo ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò nílùú Oǹdó, ṣùgbọ́n ta ló ń ya fọ́tò nígbà tí ọbẹ̀ kò lẹ́ran? Àwọn tíṣà tí wọ́n máa ń kó ìyàwó àti ọmọ wá yà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, kí n má baà kí wọn.

Bàbá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ Àkúrẹ́ ni, àgbẹ̀ kòkó, oko rẹ̀ sì wà lẹ́bàá odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá kan, kò lè jókòó sínú mọ́tò mọ́. Dókítà sì ti kìlọ̀ fún mi pé ohunkóhun tó bá já a láyà lè mú apá kejì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rọra ti ilẹ̀kùn, tí mo ń rọra gbé ìkòkò kalẹ̀, tí mo ń pa rédíò bí wọ́n bá ti fẹ́ ka ìròyìn.

Ṣùgbọ́n àhesọ kò nílò rédíò. Àlejò kan wá kí i, ó ní ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀ lápá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, bàbá mi kò sì sùn dáadáa mọ́. Igi obì kan wà lóko náà tó gbìn síbi tó ri ìwọ́ mi mọ́ nígbà tí wọ́n bí mi. Ọ̀rọ̀ igi yẹn ló ń bi mí ṣáá.

Ó ní, "Lọ bá mi yà á wá. Bí mo bá rí i pé ó ṣì dúró, ọkàn mi á balẹ̀."

Mo fi aṣọ pupa kan wé kámẹ́rà, mo tì í sínú àpò gaàrí, mo sì di igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí mo máa ń gbé e lé mọ́ agboòrùn mi. Mo wọkọ̀ dé Àkúrẹ́, mo wọ òmíràn níbẹ̀. Ẹ gba ìmọ̀ràn mi: bó ti wù kí òkè dára tó lójú ọ̀nà, ẹ má jókòó sétí fèrèsé. Ẹni etí fèrèsé ni ṣọ́jà máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Àárín ni mo jókòó sí, ṣùgbọ́n nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé afárá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, èmi náà ni wọ́n nawọ́ sí. Ṣọ́jà náà fi ẹnu ìbọn gún àpò mi.

"Wetin dey inside?"

"Na gari, sir."

Gaàrí dà sí i lórí bàtà. Ó wò ó, ó pòṣé, ó ní ká máa lọ. Mo sọ̀ kalẹ̀ lókè afárá, mo kọ́kọ́ jókòó sórí kùkùté kan kí n tó lè wọ ọ̀nà oko.

Mo ti pẹ́ síbẹ̀, àmọ́ mo dá igi obì náà mọ̀. Ó ti tóbi, odò ń dán lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ohùn ènìyàn kankan nítòsí. Fílíìmù tí à ń rí rà nígbà náà kì í tètè gba ìmọ́lẹ̀. Bí ewé bá mì, gbogbo igi á dà bí èéfín nínú fọ́tò. Ọgbọ́n tí mo máa ń dá ni pé mo máa ń so aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀ka. Bí aṣọ náà bá rọ̀, tí kò fẹ́ lẹ́lẹ́ mọ́, afẹ́fẹ́ ti dúró nìyẹn, ó yá, ẹ tẹ kámẹ́rà. Mo fa etí aṣọ pupa yẹn ya, mo so ó mọ́ ẹ̀ka obì. Mo fẹ́ tú u kí n tó yà á, ṣùgbọ́n òjò ti ń ṣú bọ̀, oòrùn ń wọ inú ìkúùkù, afẹ́fẹ́ sì dúró lójijì. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ má baà lọ, mo ní màá tú aṣọ náà, màá wá ya èkejì.

Èkejì náà kò ṣeé yà. Ohùn kan ké lẹ́yìn mi.

"Wọ́n ti so ó! Wọ́n ti so ó mọ́ ọn!"

Bàbá àgbàlagbà kan ni, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọkùnrin méjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àdá tiwọn. Àwọn ni mo tẹnu wọn gbọ́ pé bí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn á gbé irinṣẹ́ wọn lé igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn á sì so aṣọ pupa mọ́ igi tí ààlà yóò gbà kọjá. Mo wo igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi, mo wo aṣọ pupa mi. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n, èmi náà á yọ àdá.

"Ta ló rán ọ wá wọn ulẹ̀ wa?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò ni mo ń yà. Oko bàbá mi nìyí."

"Irọ́! Olóko yìí kò sí nílé, lo ṣe wá!"

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ti gbá igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi mú. Mo kúnlẹ̀. Mo dárúkọ bàbá mi, mo dárúkọ àdúgbò wa l'Ákùúrẹ́, mo sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń já léra wọn lẹ́nu mi. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè kí àwọn tó kù dúró.

"Bó o bá jẹ́ ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, kí ló wà lábẹ́ igi yìí?"

"Ìwọ́ mi ni."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló rẹ àdá rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìyẹn? Baba rẹ ńkọ́?" Oko tirẹ̀ ló bá ti bàbá mi pààlà. Ó gé aṣọ náà kúrò lára igi, ó tì í bọ àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó ní kí n tètè máa lọ, nítorí àwọn tó kù lóko lè má bi mí léèrè kí wọ́n tó ṣá mi. N kò dúró ya nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá máa ya ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè ilẹ̀.

Fọ́tò aláwọ̀ ni, n kò lè fọ̀ ọ́ fúnra mi, nítorí náà wọ́n bá mi fọ̀ ọ́ l'Ákùúrẹ́. Ó dára, ẹ má jẹ́ n purọ́. Gbogbo ewé ló hàn, odò hàn, aṣọ pupa náà sì hàn kedere bí ojú egbò. Nígbà tí mo délé, mo fẹ́ kọ́kọ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bàbá mi ti na ọwọ́ rẹ̀ tó dára, ó ti gbà á. Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló fi ìka kan aṣọ pupa náà.

"Wọ́n ti gbà á," ó ní.

Mo ní èmi ni mo so ó. Mo ní nítorí afẹ́fẹ́ ni. Ó ní kí n má tan òun bí ọmọdé. Kò jẹun lọ́jọ́ náà, kò jẹun lọ́jọ́ kejì, èmi sì ń wo ẹnu rẹ̀ ṣáá bóyá ó ti ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Fọ́tò mìíràn kò lè gbà wá. Bó bá rí igi láìsí aṣọ, á ní mo tú u ni kí n tó yà á. Ẹlẹ́rìí ni mo nílò, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí mo sì ní ni bàbá aládàá yẹn.

Bí mo ṣe tún gba iwájú àwọn ṣọ́jà kọjá nìyẹn. Mo bá a nílé rẹ̀ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, mo sọ fún un pé bàbá mi ń kú lọ nítorí aṣọ tí mo so. Ó wọṣọ, ó tẹ̀ lé mi. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Oǹdó. Mo rò pé ṣọ́jà ló ń bẹ̀rù.

Nígbà tó wọlé, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì bàbá mi, ó yọ aṣọ pupa náà nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sí i láyà.

"Èmi ni mo gé e. Ọmọ rẹ kò purọ́. Ulẹ̀ rẹ wà níbẹ̀, obì rẹ wà níbẹ̀."

Bàbá mi di aṣọ náà mú, ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ebi ń pa òun. Mo sáré ro ẹ̀bà, inú mi sì dùn débi pé mo fi omi gbígbóná jó ara mi lọ́wọ́.

Mo sin àlejò wa dé ìta. Ó dúró lábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi, kò wojú mi.

"Wọ́n wá lẹ́yìn ìgbà tí o lọ," ó ní.

"Àwọn ta?"

"Àwọn tó ń wọn ulẹ̀ fún ìjọba. Tiwọn kì í ṣe aṣọ tí àdá lè gé. Òpó sìmẹ́ńtì ni. Ìdí obì yẹn gan-an ni wọ́n gbẹ́ ulẹ̀ sí, wọ́n rì í síbẹ̀."

Ó ní kí n tọ́jú fọ́tò náà dáadáa, nítorí kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀.

Bàbá mi pè mí láti inú ilé. Ó ní kí n bá òun bi àlejò òun bóyá obì náà ti so lọ́dún yìí.

"Sọ fún un pé ó so," bàbá náà wí, ó sì kọrí sí ibùdókọ̀.

Mo wọlé, mo sọ fún un pé ó so.