Àyè Ọkọ̀ Mẹ́rin

Àwọn kan ní Sakasaka, àdúgbò kan ní Tamale lórílẹ̀-èdè Ghana, máa ń sọ pé ìjọba ló gé igi dóńgóyárò iwájú ilé Rahma. Kò rí bẹ́ẹ̀. Rahma fúnra rẹ̀ ló pe àwọn agégi.

Aṣọ ilé-ìwé ló ń rán. Tamale ni wọ́n bí i sí, nínú ilé tí bàbá rẹ̀ tó wá láti ilẹ̀ Yorùbá kọ́. Nígbà tó fẹ́ sọ yàrá iwájú di ṣọ́ọ̀bù, òṣìṣẹ́ ìlú kan sọ fún un pé òfin kò fàyè gba ṣọ́ọ̀bù tí kò bá ní ibi tí ọkọ̀ mẹ́rin lè dúró sí.

"Ọkọ̀ ta ni?" Abibata, aládùúgbò rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Haba, Rahma! Ta ló ní ọkọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ? Ẹni tí kò bá gun alùpùpù, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Fara balẹ̀ ná. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí òfin yẹn nígbìmọ̀ ìlú."

Òótọ́ ló sọ. Àwọn kan ní títì yóò dí bí kò bá sí òfin náà; àwọn mìíràn ní ó ń pa òwò kéékèèké. Ṣùgbọ́n Rahma kò lè dúró. Wọn ò tíì bí i nígbà tí wọ́n lé àwọn àjèjì tí kò níwèé kúrò ní Ghana lọ́dún 1969, síbẹ̀ ẹ̀rù ọdún yẹn kò kúrò nínú ilé wọn.

Igi dóńgóyárò náà ló sì gba ibi kan ṣoṣo tí ọkọ̀ lè dúró sí. Abẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Mọ̀múdù, àbúrò bàbá Rahma, máa ń jókòó. Ojú Bàbá ti fọ́; ohùn ló fi ń mọ gbogbo ẹni tó bá kí i.

"Bàbá, ẹ má bínú," ni Rahma wí. "Igi yìí ni wọ́n ní kó kúrò."

"Ìjọba?"

"Àwọn ni, Bàbá."

"Gé e, ọmọ mi. Má jẹ́ kí wọ́n bèèrè lẹ́ẹ̀kejì." Ó dìde, ó ń táràrà, ó sì gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀.

Wọ́n gé igi, wọ́n da kọnkéré síbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìgbìmọ̀ ìlú fi yọ àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kúrò nínú òfin náà. Abibata ló mú ìròyìn wá. Lọ́tẹ̀ yìí, kò rẹ́rìn-ín.

Oòrùn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síta mọ́. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bàbá ń jókòó sí báyìí, àwọn tó ń kọjá kò sì rí i kí.

"Rahma, ṣé ọkọ̀ kankan wá lónìí?"

"Kò tíì sí, Bàbá."

"Wọ́n á wá. Ìjọba kì í dédé sọ̀rọ̀."

Rahma kò tíì lè sọ fún un pé òfin náà kò kan ṣọ́ọ̀bù wọn mọ́.