Ògì Ìwádìí Tí Mo Jẹ Mọ́ Àbúrò Mi Lọ́wọ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi méjèèjì ti ká, tí mo ń fi èrìgì jẹ iṣu, àwọn onímọ̀ wá sí Ìbàfò láti wá kọ́ àwọn ìyá wa bí ọmọ ṣe ń sanra. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí irú wọn: ọkọ̀ funfun, ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ tó dúró ṣánṣán, ìwé lábẹ́ abíyá.

Yàrá kan là ń gbé nígbà náà, nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá tó ní ilé ìdáná kan ṣoṣo. Ìkirè ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń ṣe iṣẹ́ wẹ́dà ní Èkó, màmá mi sì ń ránṣọ ní ìsọ̀ kan lẹ́bàá títì. Èmi ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ayọ̀ ni àbúrò mi, kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ó sì rù débi pé bí wọ́n bá wọ ṣòkòtò fún un, ṣòkòtò náà á máa wá ibi tó máa dúró sí.

Dókítà ni wọ́n ń pe ọ̀gá àwọn onímọ̀ náà. Ìgbà tí Ìyá Súkúrà, aládùúgbò wa, gbé orúnkún tó ń dùn ún lọ bá a la tó mọ̀ pé dókítà àgbàdo ni. Ó ti bá àwọn àgbẹ̀ gbin àgbàdo tuntun kan ní ọ̀nà Ọ̀fàdà, àgbàdo tó pupa bí epo, tó ní ó ń mú ojú ọmọ ríran dáadáa, ó sì ń mú ara le. Wọ́n lọ̀ ọ́ mọ́ sóyà, wọ́n wá fẹ́ mọ̀ bóyá yóò ṣe ọmọ lóore ju àgbàdo funfun tí gbogbo wa jẹ dàgbà lọ. Kí ẹnikẹ́ni má bàa dá èyí mọ̀ yàtọ̀ sí tọ̀hún, wọ́n pa ìyẹ̀fun funfun náà láró kó lè pupa bí tọ̀hún. Ìyá tó gbà á ò mọ èyí tó gbà, nọ́ọ̀sì tó ń pín in ò mọ èyí tó ń pín. Wọ́n ní bí ìwádìí gidi ṣe ń rí nìyẹn: kí gbogbo ènìyàn wà nínú òkùnkùn títí ìmọ́lẹ̀ á fi dé.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n á so àwọn ọmọ kọ́ sára òṣùwọ̀n bí alápatà ṣe ń so itan màlúù kọ́, wọ́n á fi tépù wọn apá wọn, wọ́n á kọ ọ́ sínú káàdì. Màmá mi, tó ń fi tépù wọn ìdajì àwọn obìnrin Ìbàfò lójoojúmọ́, ní òun lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ní kó má ṣèyọnu, iṣẹ́ ọ̀mọ̀wé ni.

Iṣẹ́ tèmi ń bẹ̀rẹ̀ bí mo bá ti ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Màá yà ní ìsọ̀, màá pọn Ayọ̀ dé ilé, màá da omi gbígbóná inú fúláàsì sórí ìyẹ̀fun, màá rò ó, màá fún un jẹ. Màmá mi ti kìlọ̀ pé ti ọmọ nìkan ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n ògì náà ń ta sánsán bí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí iná.

Ọjọ́ kìíní, mo tọ́ ọ wò kó má bàa bó ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀gbọ́n rere ni mí. Ọjọ́ kejì, mo tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìwádìí ò gbọdọ̀ dúró lórí ẹ̀rí kan ṣoṣo. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, Ayọ̀ ló ń tọ́ ọ wò. Bó bá gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, mo ti kà á sí pé ó yó. Màá nu ẹnu tèmi, màá nu tiẹ̀, màá fọ abọ́, a ó sì jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò níbi táwọn ẹgbẹ́ mi ti ń ta súwè.

Lẹ́yìn bí oṣù kan àtààbọ̀, gbogbo ọmọ ló ń wúwo sí i àfi Ayọ̀. Ìlà inú káàdì rẹ̀ sùn gbalaja. Ìyá Súkúrà ní ẹ̀jẹ̀ ìran wọn ló rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó onílé ní aráyé ni. Wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa, pásítọ̀ sì gbé ọwọ́ lé e lórí, ó pàṣẹ kí ajẹnirun fi í sílẹ̀. Ajẹnirun wà lórí ìjókòó kejì, ó ń ṣe àmín.

Ẹ má rò pé n kò mọ ohun tí mò ń ṣe. Bí mo bá ń wẹ ọmọ náà, mo ń ka egungun ìhà rẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ebi tó ń pa mí lágbára ju ohun tí mo mọ̀ lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Dókítà fúnra rẹ̀ wá sí ilé wa, òun àti Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń wọn àwọn ọmọ. Wọ́n ti kọ́kọ́ dé ìsọ̀, màmá mi ló mú wọn wá, tépù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Dókítà ní àwọn ìyá kan ń gbé ìyẹ̀fun náà lọ sọ́jà.

Ó wá béèrè pé, "Màdáàmù, ṣé ẹ̀ ń ta tiyín ni?"

Màmá mi kúnlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń kúnlẹ̀ fún ẹni tí kò dàgbà jù ú lọ. Ó ní òun ò tà á, ọkùnrin náà sì ń wo káàdì bí ẹni tí káàdì ti sọ gbogbo rẹ̀ fún. Bó ṣe dìde nìyẹn tó mú Bíbélì lórí àpótí. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó ní bí òun bá ta ṣíbí kan nínú ìyẹ̀fun náà, kí Ayọ̀ yìí...

Mo gbàgbọ́ nígbà náà pé ìbúra ń pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Mo ní, "Ẹ má búra, Màmi. Èmi ni mò ń jẹ ẹ́."

Gbogbo wọn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ẹ̀rí tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá dúró síwájú wọn, ó ń dán. Dókítà gbé òṣùwọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ jáde nínú ọkọ̀, ó ní kí n gùn ún, ó mi orí, kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ní kò sí ibi tí wọ́n máa kọ ọmọ ọdún mẹ́jọ sí nínú ìwé àwọn.

Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí ló lóṣòó síwájú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Kí ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ẹ lọ́sàn-án?"

Mo ní kò sí. N kò fi ṣe ẹjọ́ o, mo kàn sọ ọ́ bí ènìyàn ṣe ń sọ pé òjò ò rọ̀ ni.

Mo ti ń retí ìgbájú. Màmá mi jókòó sórí ibùsùn, ó fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní, "Mo rò pé gaàrí àárọ̀ ń gbé e dé alẹ́ ni."

Ìyà mi ò fò mí ṣá. Nígbà tí àwọn àlejò lọ, mo kúnlẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sókè, títí apá mi fi ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, èmi ni ó kọ́kọ́ bu oúnjẹ fún, kò sì yé wo ẹnu mi.

Wọ́n yọ Ayọ̀ kúrò nínú ìwádìí, torí ó ti bà á jẹ́ fún wọn; èmi kọ́, òun ni. Nọ́ọ̀sì Rẹ̀mí fi ìyókù àpò ìyẹ̀fun náà sílẹ̀ fún wa. Láti ọjọ́ kejì, màmá mi ń ti ìsọ̀ lọ́sàn-án, á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wálé, á jókòó sáàárín àwa méjèèjì bí ọlọ́pàá. Kí ọdún náà tó parí, Ayọ̀ ti ń lé adìẹ onílé kiri àgbàlá. Ìlú Àgbàdo ló ń gbé báyìí, ó sì fi orí kan ga jù mí lọ. Bó bá wá kí mi, á ní kí n gbé abọ́ tòun jìnnà sí tèmi.

Ní tiwa lónìí, Mòwé, ìlú tó tẹ̀lé Ìbàfò, ni mo kọ́lé sí, nínú ẹ̀sítéètì tó ní géètì. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá. Fóònù ni wọ́n fi ń kọ̀wé, ìwé ìfọwọ́sí wọn sì nípọn ju ìwé orin lọ, ìlọsíwájú ni. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì a máa dá wọn padà. Kò sì sí ìṣòro, torí àwọn ìyá òde òní ò nílò ìwádìí mọ́. Ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ rí ti ṣe é fún wọn lórí Wasáàpù.

Nígbà tiwa, oúnjẹ ò tó, ọ̀rọ̀ wa sì wà lẹ́nu gbogbo ará ilé. Bí ọmọ bá rù, yàrá mẹ́wàá ló máa mọ̀, yàrá mẹ́wàá ló sì máa sọ ohun tó fà á, tí kò ní í rí bẹ́ẹ̀. Lóde òní, oúnjẹ kún fíríìjì, odi ilé wa ga, a sì ń gbé ní àlàáfíà: ọmọ lè rù títí, kí ẹni tó wà nílé kejì tó mọ̀ pé a bímọ.